Ilé tuntun, ilẹ̀ àtijọ́: èmi àti èpò inú ọgbà wa ní Ìlọrin

Ilẹ̀ tí a kọ́ ilé wa sí ní ìhà Tanke, ní Ìlọrin, oko ni kí wọ́n tó gé e sí púlọ́ọ̀tì. Lọ́dún tí a san owó rẹ̀, àwọn tó tà á fún wa ṣì ń ká àgbàdo lórí rẹ̀, gbágùúdá sì wà ní igun kan tí wọ́n bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kó gbó kí wọ́n tó wú u. Ẹni tó bá ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó wá ń fẹ́ koríko tútù minimini níwájú ilé, kó yáa mọ̀ pé ilé nìkan ló tuntun. Gbogbo irúgbìn èpò tó ti já sílẹ̀ láti ayé àwọn àgbẹ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀, òjò ni wọ́n ń retí.

A tún wá fi òmíràn kún un. Nígbà tí àwọn bíríkìlà kúrò, iwájú ilé rí gbágungbàgun, a sì ní kí tipper gbé ilẹ̀ dúdú wá, nítorí pé yẹ̀pẹ̀ pupa tó wà níbẹ̀ kò lè tètè gba koríko. Ilẹ̀ dúdú ọ̀hún, akùrọ̀ ni wọ́n ti wà á, níbi tí omi máa ń dúró sí tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́. Ohun tó bá fẹ́ràn akùrọ̀ bá a wọ ọkọ̀ wá.

Lóṣù kẹrin, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí gbogbo iwájú ilé fi tutù yọ̀yọ̀. Àwọn aládùúgbò tó ń kọjá ń kí wa pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, koríko yín mà ti mú." Bẹ́ẹ̀, a kò tíì gbin ẹyọ koríko kan.

Ọkọ mi fẹ́ kí a pe àwọn olódòdó lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ha ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì tẹ́ koríko kápẹ́ẹ̀tì sí i. Ẹni tó dá a dúró ni àbúrò rẹ̀ kan tó kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin. Akọ̀wé ni èmi ń pè é, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Akọ̀wé ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá mi bẹ bùrọ̀dá, ẹ má tíì gbin nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà nínú ilẹ̀ jáde ná. Èyí tó bá jáde la lè pa."

Ohun tó ní kí a ṣe kò le. Kí èpò hù títí yóò fi ní ewé bíi mẹ́rin, kí a wá fi ọkọ́ ha á léréfèé lọ́jọ́ tí oòrùn mú, kí gbòǹgbò rẹ̀ gbẹ sórí ilẹ̀. Kí a dúró de òjò mìíràn, kí òmíràn hù, kí a tún ha á. Léréfèé yẹn ni àṣírí rẹ̀. Bí ẹ bá ti ọkọ́ bọlẹ̀ jinlẹ̀, irúgbìn tó ti ń sùn nísàlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ẹ ń gbé wá síbi ìmọ́lẹ̀, ìyẹn náà á sì hù. A ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹfà. Èyí tó hù kẹ́yìn kò tó nǹkan mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Òjò Ìlọrin sì máa ń wà títí di oṣù kẹwàá, nítorí náà ẹni tó bá gbin koríko lóṣù kẹfà kò tíì pẹ́ rárá. Bí ó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ẹni tó ń kólé lọ́wọ́ máa mú nínú ọ̀rọ̀ mi, èyí ni mo fẹ́ kó mú. Ó rọrùn láti pa èpò nígbà tí kò sí koríko láàárín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí híha yìí kò ràn. Àwọn yẹn ni Màmá mi kọ́ mi ní tiwọn.

Ọjọ́ tí àwọn olódòdó ń já koríko kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ni Màmá dé láti Òró. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń wò.

"Ẹ̀ ń fowó ra koríko?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

"Ẹ ó wá tún máa bomi rin ín?"

Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi lé koríko lóko. Ọmọ mi wá di olóko koríko." Lẹ́yìn tí ẹ̀rín tán, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fa èpò tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀. Èmi ń tẹ̀ lé wọn, mo ń fi fóònù yà á.

Ohun tí mo kíyè sí ni pé Màmá kì í wo ewé pẹ́. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n máa ń yí sókè wò. Èyí tó bá tu tòun ti gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n á jù ú sẹ́yìn láìwo ibi tó bọ́ sí. Èyí tó bá já sí wọn lọ́wọ́ tí ìyókù rẹ̀ kù sílẹ̀, wọ́n á dá ọwọ́ dúró: "Èyí, iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó ronú ọkọ́, kí n tó ronú oògùn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi èpò ni pé, kí lo fi ń rí ọdún tó ń bọ̀? Ṣé irúgbìn orí rẹ ni, àbí ohun tó o tọ́jú sábẹ́ ilẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ló ń sọ ohun tí màá gbé lọ́wọ́.

Èyí tí iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀ jù lọ ni dáńdá. Láti òkèèrè, koríko gidi lẹ máa pè é. Ó tún lẹ́wà ju kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ fowó rà lọ, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Ohun tó máa ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé bí ẹ bá gé gbogbo ọgbà dọ́gba lónìí, kí ọ̀tunla tó pé, òun nìkan á ti yọrí sókè láàárín ẹgbẹ́. Akọ̀wé ní kí n máa fi ìka yí igi rẹ̀ wò. Igi koríko a máa rí roboto tàbí kó pẹlẹbẹ. Ti dáńdá ní igun mẹ́ta, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n, ewé rẹ̀ sì ń yọ síhà mẹ́ta. Ìbátan ọ̀fíò ni. Ohun tí a torí rẹ̀ ń gbin ọ̀fíò náà ló sọ dáńdá di ìṣòro: kókó tó ń so sábẹ́ ilẹ̀.

Ẹ fà á, ewé á tẹ̀ lé yín pẹ̀lú gbòǹgbò díẹ̀. Okùn tín-ín-rín tó so ó mọ́ kókó ti já nìyẹn. Kókó wà níbẹ̀, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí èyí tó hù bá ṣì wà láàyè, púpọ̀ nínú àwọn yòókù a máa sùn. Bí ẹ bá já wọn kúrò lára ara wọn, oníkálukú á jí, á hu tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ́ fi ń sọ dáńdá di púpọ̀. Ẹni tó ń fi ọkọ́ ro dáńdá ń gbìn ín ni.

Ohun tó ràn án lọ́dọ̀ wa kò yá, mi ò ní purọ́. Níbi tí a kò tíì tẹ́ koríko sí, a dúró de ẹ̀yìn òjò tí ilẹ̀ rọ̀, a fi fọ́ọ̀kì gbé yẹ̀pẹ̀ yí i ká sókè, a sì ń fi ọwọ́ tú u títí kókó fi tán. Kì í sábà jìn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló wà ní òkè ilẹ̀ níbi tí àtẹ́lẹwọ́ kan lè dé. A kò da kókó wọ̀nyẹn sórí ààtàn. Inú àpò nylon la kó o sí, a dì í lẹ́nu, a gbé e sórí kọ́ńkéré nínú oòrùn. Níbi tí koríko ti bo ilẹ̀ tí kò ṣeé gbẹ́, gígé orí rẹ̀ léraléra ló kù. Ewé ló ń bọ́ kókó. Bí ẹ bá ń já a ní gbogbo ìgbà tó bá yọ, kí ó tó pé oṣù kan, kò ní ráyè so kókó tuntun, ti àtijọ́ á sì máa ná ohun tó fi pamọ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ mi ló ń ṣe ìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹni tó bá já dáńdá jù ló máa yan ohun tí a ó wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀nà yìí dára ju pípariwo lé wọn lórí lọ.

Ohun kan tún wà tí mo rò pé àwa ará ìhín ní tí àwọn ará etíkun kò ní tó wa: ọyẹ́. Kókó dáńdá le, ṣùgbọ́n ó kórìíra gbígbẹ. Lẹ́bàá sọ́kàwéè, níbi tó ti pọ̀ jù, a kò gbin nǹkan kan lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé lóṣù kejìlá, a yí ilẹ̀ ibẹ̀ padà pẹ̀lú fọ́ọ̀kì, a jẹ́ kí kókó wà lókè nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn, a tún yí i lóṣù kìíní. A ò da omi síbẹ̀ rárá, kódà omi ìfọṣọ. Nígbà tí òjò padà dé, èyí tó hù níbẹ̀ ṣeé fi ọwọ́ kà. Bí ẹ bá gbìyànjú ìyí ilẹ̀ yìí lásìkò òjò, ẹ kàn ń bá a fọ́n ká ni.

Ẹ̀kan ni ìkejì rẹ̀. Kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ ẹ̀kan. Ewé rẹ̀ le, etí rẹ̀ ń ya ọwọ́, fọ́nrán funfun tó wà láàárín ewé náà kì í sì dúró gan-an láàárín, ó máa ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Abẹ́ ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà, gbòǹgbò funfun olóríkèé tí orí rẹ̀ mú ṣóńṣó. Ìyẹn ló ń gún iṣu lu nínú ebè. Iná kò pa á. Bí iná bá jó o tán, á tún hù, á tún yọ òdòdó funfun tí afẹ́fẹ́ á gbé dé ibi tí ẹ ò rò. Ẹ gé gbòǹgbò yẹn wẹ́wẹ́, èyí tí kò ju ìka kékeré lọ tún lè di odindi. Màmá ní lọ́dọ̀ àwọn, bí ẹ̀kan bá ti gba oko, wọ́n á ní ilẹ̀ ti ṣá, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí igbó bò ó. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀kan kì í fẹ́ òjìji. Bí igi àti ewé gbooro bá bò ó mọ́lẹ̀, á máa kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Òjìji yẹn la lò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì níbi tí ẹ̀kan ti ń wọlé, Màmá kò gbà kí a gbin koríko sí i. Wọ́n ní kí a wú gbòǹgbò tí a bá rí, kí a gbin ànàmọ́ àti ẹ̀gúsí tí yóò tàn bo ilẹ̀. Wọ́n tàn bò ó lóòótọ́. Nígbà tí a wá wú ànàmọ́, ẹ̀kan tó kù nísàlẹ̀ ti gún díẹ̀ nínú wọn lu. A gé ibẹ̀ kúrò, a sè é jẹ. Lọ́dún kejì tí a tún gbìn ín síbẹ̀, n kò rí èyí tó gún mọ́. Inú koríko fúnra rẹ̀, ẹ̀kan kì í dà wá láàmú púpọ̀, nítorí kò lè fara da kí a máa gé e lemọ́lemọ́ bí kápẹ́ẹ̀tì ti ń fara dà á.

Àwọn yòókù kò tó ìyẹn. Ìgbálódé tó ní òdòdó funfun tí àárín rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹmì-ilẹ̀ tó máa ń ṣe oje bíi wàrà, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún, gbogbo wọn, irúgbìn ni wọ́n gbójú lé. Bí ẹ bá fà wọ́n tu lẹ́yìn òjò, kí wọ́n tó yọ òdòdó, ó parí. Bí òdòdó bá ti gbó, ọ̀ràn ti di ti ọdún tó ń bọ̀. Gbúre tó bá hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tu ú, ọbẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀rù ìgbálódé a máa ba àwọn onílé tuntun nítorí òdòdó rẹ̀ ń hàn láti ojú títì; wọ́n á dojú ìjà kọ ọ́, dáńdá á sì máa ràn kálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Patanmọ́ fa awuyewuye nínú ilé. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kàn án, á pa ewé mọ́ra, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n fi ẹyọ kan sílẹ̀. Mo wo ẹ̀gún ara rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń sáré kiri láìwọ bàtà, mo sì kọ̀. Dágunró náà, lójú kan náà ló ń lọ, kí ẹ̀gún èso rẹ̀ tó gbẹ. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Iléyá ló kọ́ mi ní ti èèmọ́. Ìlọrin la wà, àgbò gbọ́dọ̀ wọlé, ibi tí wọ́n sì máa ń so ó sí ni ibi tí koríko wà. Àgbò jẹ ìgbálódé wa, mo kí i. Ṣùgbọ́n èèmọ́ ti so mọ́ irun ara rẹ̀ láti ọjà wá, ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí wọ́n rà fún un sì kún fún oríṣiríṣi irúgbìn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn Iléyá, ibi tí wọ́n so ó sí hàn gedegbe nínú ọgbà. Èèmọ́ wà níbẹ̀, ètìpọ́nlá wà níbẹ̀, àwọn kan tún wà tí Màmá pàápàá kò mọ orúkọ wọn. Nísinsìnyí, orí kọ́ńkéré lẹ́yìn ilé ni àgbò ń gbé, a sì ń gbá oúnjẹ tó bá kù sínú àpò. Ètìpọ́nlá àti èèmọ́ kì í rìn fúnra wọn. Ṣòkòtò yín, irun ẹran àti ẹ̀rọ ìgékoríko ló ń gbé wọn rìn. Ọmọkùnrin tó ń bá wa gé koríko ń ti ilé dé ilé, koríko gbígbẹ ilé tó ti kúrò ṣì ń wà lára abẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Mo máa ń ní kó fi omi fọ̀ ọ́ lẹ́nu géètì kó tó wọlé. Nígbà àkọ́kọ́, ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Ní báyìí, kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti ń béèrè ibi tí okùn omi wà.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ màlúù bá èyí tan. Ó pọ̀ ní àwọn Gáà, ibùdó àwọn Fúlàní, tó yí Ìlọrin ká, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Koríko ni màlúù ń jẹ, ọ̀pọ̀ irúgbìn koríko ni ikùn rẹ̀ kò sì lè pa. Bí ẹ bá da ìgbẹ́ tútù sí ọgbà, oko ẹlòmíràn ni ẹ gbìn. Àwa máa ń kó o jọ gègèrè, a ó fi omi wọ́n ọn, a ó fi tápólì bò ó títí inú rẹ̀ á fi gbóná tí ọwọ́ kò fi ní lè gbà á, a ó yí i padà, á tún gbóná. Ooru yẹn ló ń pa irúgbìn. Bí kò bá ti gbóná mọ́ tó sì rí bí ilẹ̀ dúdú, ó ti jinná.

Gbégi yàtọ̀ sí gbogbo wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ni mo ń pè é. Ojú ibi tí taya ọkọ̀ ń tẹ̀ ló máa ń hù sí, tàbí ibi tí àwọn bíríkìlà ti po kọ́ńkéré. Ìdí rẹ̀ funfun, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́lẹ̀. Kì í tu bọ̀rọ̀, àfi kí ẹ fi ọ̀bẹ gé gbòǹgbò rẹ̀ lábẹ́. Ohun tó ń sọ fún yín ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti le gbagidi, kápẹ́ẹ̀tì kò lè ta gbòǹgbò níbẹ̀, òun nìkan ló lè ṣe é. Bí ẹ bá ń tu gbégi láìrọ ilẹ̀, òun náà ni yóò tún hù. A fi fọ́ọ̀kì gún ibẹ̀ káàkiri, a da yanrìn àti ìgbẹ́ tó ti jinná sí i, a sì to òkúta pẹlẹbẹ sí ojú ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Gbégi dín kù láìjẹ́ pé a tún bá a jà.

Oògùn apakoríko ńkọ́? Ẹni tó ń tà á á ní kí ẹ ra ìgò kan, kí ẹ lọ sinmi. Mo ti rí ilé kan ní àdúgbò wa tí wọ́n fín glyphosate sí gbogbo iwájú ilé. Glyphosate kò mọ èpò yàtọ̀ sí koríko, ohun tó bá ti tutù ló ń pa. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ pọ́n, kápẹ́ẹ̀tì àti èpò. Nígbà tí òjò rọ̀ sí ilẹ̀ òfìfo yẹn, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún ló kọ́kọ́ dé, nítorí ilẹ̀ tí nǹkan kan kò bò ni èpò ń wá. Oògùn kejì ni 2,4-D. Àwọn ewé gbooro ló ń pa, kì í sábà pa koríko, kì í sì í ran dáńdá dáadáa. Àmọ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti tó láti gbé e kọjá fẹ́ǹsì, tòmátò àti ewédú aládùúgbò á sì máa wé kọ́lọkọ̀lọ. Ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń gbin ewédú tà, nítorí náà 2,4-D kò wọlé wa rí.

Oògùn kẹta, paraquat, ni kí ẹ má fọwọ́ kàn rárá. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Bí èèyàn bá gbé e mì, kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Ewé nìkan ló tún ń jó. Ẹ̀kan tó bá jó lókè á tún hù láti ìsàlẹ̀.

Ibi tí mo ti lo glyphosate ni ìdí fẹ́ǹsì, níbi tí gbòǹgbò ẹ̀kan ti wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ tí a kò lè wú u. A kò fín in. Mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo fi fóòmù rẹ oògùn náà, mo sì fi ń nu ewé ẹ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àárọ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, lọ́jọ́ tí òjò kò ṣú. Ewé gbọ́dọ̀ tutù yọ̀yọ̀, kó sì gùn díẹ̀, kí oògùn lè bá a sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Omi mímọ́ ni kí ẹ fi po ó; bí omi bá ní ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ náà á gba oògùn mọ́ra, kò sì ní ṣiṣẹ́. Bí òjò bá rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan sígbà tí ẹ lò ó, ó ti bá omi lọ. Àwọn ọmọ kò sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ títí á fi gbẹ.

Ọkọ mi ti ń sọ látìgbà náà pé kí a fi íńtálọ́ọ̀kù bo gbogbo rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò ti ṣe. Mo mọ̀ pé ó nídìí, ejò ń ba gbogbo wa lẹ́rù. Àmọ́ mo mú un lọ sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ti tẹ́ ẹ tipẹ́, mo sì ní kó wo àárín òkúta méjì-méjì. Gbégi wà níbẹ̀, dáńdá náà ń yọjú. Àdéhùn wa ni pé íńtálọ́ọ̀kù dé ibi tí ọkọ̀ ń gbà, ìyókù jẹ́ ti koríko, kí a sì máa gé e kí ejò má ráyè sápamọ́.

Gígé yẹn náà ní ọ̀nà. Ọmọkùnrin wa fẹ́ràn láti gé e kanlẹ̀ kó lè pẹ́ kí a tó tún pè é. Bí ó bá gé e kanlẹ̀, oòrùn á dé orí ilẹ̀, irúgbìn èpò tó wà níbẹ̀ á sì jí. A ti fẹnu kò sí ìwọ̀n ìka méjì tí a tò léra. Koríko tó bá nípọn tó ga tó bẹ́ẹ̀ ń ṣíji bo ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń gba iṣẹ́ púpọ̀ kúrò lọ́wọ́ wa. Ibi tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ dé alẹ́, a ti yọ kápẹ́ẹ̀tì kúrò, a gbin koríko Bàhámà, nítorí kápẹ́ẹ̀tì fẹ́ omi àti òjìji díẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn tiwa sì gùn. Ibi tí kápẹ́ẹ̀tì bá gbẹ pá sí lóṣù kejì ni èpò máa ń gbà lóṣù kẹrin. Lábẹ́ máńgòrò, kápẹ́ẹ̀tì ń ṣe dáadáa.

Èyí tó kù tí n kò lè dá ṣe ni púlọ́ọ̀tì òfìfo tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa. Ẹni tó ni ín kò sí nílùú, ẹ̀kan ti gbà á, jogbo ti ga ju èèyàn lọ níbẹ̀. Ní ìparí òjò, irúgbìn rẹ̀ á máa fò kọjá fẹ́ǹsì. A ti bá bàbá tó ń bá wọn mójú tó o sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí a máa ṣán an kó tó yọ òdòdó, àwọn kò bínú rárá, kí a ṣáà má gbin ànàmọ́ sí i.